Májèlé Kì í Ṣe Oògùn: Àríyànjiyàn lórí Eku, Òwìwí àti Ajá Àyíká Ilé Wa

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. À ń pa òwe yìí fún tọkọtaya tí ó ń jà, fún ẹgbẹ́ òṣèlú tí ó fẹ́ túká, àti fún ẹbí tí ọ̀tá wọ àárín wọn. Ibi kan ṣoṣo tí a kì í ti í pa á mọ́ ni ibi tí òwe náà ti wá gan-an, èyíinì ni ara ilé. Bí eku bá kún inú àká, bí ajá bá ń jẹ̀ kiri àdúgbò, bí òwìwí bá ń ké lórí òrùlé lóru, kò sí ẹni tí í bi ògiri léèrè ohun tí ó là á lẹ́nu. Aláǹgbá ni a ń lé kiri pẹ̀lú igi, pẹ̀lú òkúta àti pẹ̀lú ìgò májèlé.

Ohun tí mo fẹ́ tako nínú àròkọ yìí ni èrò tí ó ti fìdí múlẹ̀ láàrin wa pé pípa ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ẹranko tí ó bá ń yọ ilé lẹ́nu. Mo fẹ́ fi hàn pé èrò náà kò tọ̀nà, pé àwọn ìlú tí wọ́n gbára lé e kò rí ohun tí wọ́n ń wá, àti pé èdè tí àwa olùkọ́ fi ń kọ́ ọmọ ní ipa tirẹ̀ nínú àṣìṣe náà. Orúkọ mẹ́ta ni mo ní lọ́kàn: "oògùn eku", "ẹyẹ àjẹ́" àti "ajá dìgbòlugi". Àwọn orúkọ wọ̀nyí ń jáde lẹ́nu wa bí ẹni pé ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀mí ń bá wọn lọ.

Ẹ̀sùn ẹranko, ìtanràn ènìyàn

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Nkololoun, àdúgbò ọjà kan ní agbègbè New Bell, ní ìlú Douala ní orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù. Orúkọ agbègbè náà ní ìtàn tí ó bá ọ̀rọ̀ wa mu. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ́ sílẹ̀, ìjọba Jámánì tí ó ń ṣàkóso ibẹ̀ pinnu láti kó àwọn ará Duala kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn létí odò, kí àwọn òyìnbó lè máa dá gbé níbẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwíjàre wọn ni ibà. Wọ́n ní ẹ̀fọn ń gbé àrùn láti ara ọmọ onílẹ̀ wá bá òyìnbó, nítorí náà kí àlàfo wà láàrin ibùgbé àwọn méjèèjì. Ọba Rudolf Duala Manga Bell kọ̀ jálẹ̀, ó sì gbé ẹ̀hónú àwọn ènìyàn rẹ̀ dé ìlú Jámánì. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ ọdún 1914, wọ́n so ó kọ́. Ilẹ̀ tí wọ́n lé àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ ni a mọ̀ sí New Bell. Ẹ̀fọn kò kúrò ní Douala títí di òní. Ènìyàn ni wọ́n lé.

Èkó náà ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí ó ń ti ara eku ran ènìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì ń padà wá fún ọdún mélòó kan. Nínú ìpayà àrùn náà ni ìjọba amúnisìn ti dá ìgbìmọ̀ tí wọ́n pè ní Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní ọdún 1928. Láti ọdún 1955, ìgbìmọ̀ kan náà bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, wọ́n sì kó púpọ̀ nínú àwọn tí ó ń gbé ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè, jìnnà sí ọjà tí wọ́n ti ń jẹun àti ẹbí tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Bí ìjọba bá dá eku lẹ́bi, kí tálákà yáa di ẹrù rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kìíní nìyí: ọ̀rọ̀ ẹranko àyíká ilé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹranko nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹni tí a ń kó ilẹ̀ rẹ̀ àti ẹni tí a kì í kó ilẹ̀ rẹ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ kejì wà nínú ọ̀nà tí àrùn ọdún 1924 yẹn gbà ń ràn. Kòkòrò kékeré kan tí ó ń mu ẹ̀jẹ̀ eku ni ó ń gbé e kiri. Bí eku bá kú, tí ara rẹ̀ tutù, kòkòrò náà á fi í sílẹ̀, á wá ara gbígbóná mìíràn lọ. Ẹni tí ó bá wà nítòsí ni yóò bà lé. Èyí já sí pé ẹni tí ó pa eku lápalù nínú irú àjàkálẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí kò kọ́kọ́ ṣètò bí kòkòrò ara rẹ̀ yóò ṣe kú, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń pe àrùn wọlé.

Ìṣirò eku

Àwọn kan yóò sọ pé bí a bá pa wọ́n tó, wọn yóò tán. Ìjọba Faransé gba èyí gbọ́ ní ìlú Hánóì ní ọdún 1902. Wọ́n ní kí ẹni tí ó bá pa eku mú ìrù rẹ̀ wá gba owó. Ìrù ń wọlé lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún, owó ń jáde, eku kò sì dín. Nígbà tí wọ́n wò ó fínnífínní, wọ́n rí eku tí kò ní ìrù tí ó ń sáré kiri ìlú: àwọn apeku ti gé ìrù, wọ́n sì ti fi ẹran náà sílẹ̀ kí ó lè lọ bímọ sí i. Wọ́n tún rí àwọn tí wọ́n ń sin eku fún títà. Ìjọba fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ eku di ohun ọ̀sìn.

Bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀, ìṣirò náà kò lè bọ́ sí i. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 3 ni eku ilé ń lóyún. Ó lè bí ọmọ 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí oṣù 3 tó pé, àwọn ọmọ náà ti lè bẹ̀rẹ̀ sí bímọ tiwọn. Ohun tí ó ń pinnu iye eku tí ó wà ní ilé kan ni oúnjẹ tí wọ́n ń rí jẹ àti ihò tí wọ́n ń rí gbé. Bí ẹ bá pa ìdajì, ìdajì tí ó kù yóò jẹ oúnjẹ àwọn tí ó kú, wọn yóò sì bímọ dí àlàfo. Àfi kí a bo ìkòkò, kí a dí ihò, kí a sì kó ààtàn kúrò lẹ́yìnkùlé. Ẹni tí ó ń da ilẹ̀ sí ojú àgbàrá tí ó sì ń ra májèlé eku, ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún bọ́ ohun tí ó ń fi ọwọ́ òsì pa.

"Oògùn eku"

Mo dé orí ọ̀rọ̀ tí ó kan àwa olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n báyìí. Oògùn ibà ni a ń lò kí ara lè yá. Oògùn ikọ́ ni a ń lò kí ọ̀nà ọ̀fun lè dẹ̀. Ọmọdé tí ó ti gbọ́ èyí láti ìgbà tí ó ti ń rá kòrò, tí ìyá rẹ̀ ti ń rọ oògùn sí i lẹ́nu, kí ni a fẹ́ kí ó rò nígbà tí ó bá gbọ́ pé "oògùn eku" wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì? Èdè wa ní májèlé. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro pè, kò sì jẹ́ àjèjì. Àwa ni a fi í pamọ́ fún ìtàn ọba tí ìjòyè fi nǹkan sínú ọtí fún, a sì fún ohun tí ó wà nínú ilé ní orúkọ tí ó dùn mọ́ni.

Ẹnìkan lè já mi nírọ́ pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni oògùn ti ní ojú méjì, pé Yorùbá ń sọ̀rọ̀ oògùn ìkà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀ oògùn ìwòsàn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n oògùn ìgbà náà ní olówó orí. Adáhunṣe tí ó ń gún un mọ ewé tí ó já, ó mọ ẹni tí ó ń gbé e fún, ó sì máa ń sọ èèwọ̀ rẹ̀. Ìgò tí a ń rà lọ́wọ́ ẹni tí ó ń kiri ọjà kò ní olówó orí. Nígbà mìíràn kò ní orúkọ lára. Ẹni tí ó tà á kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó rà á kò mọ ìwọ̀n rẹ̀, ìgò omi tàbí ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni wọ́n sì máa ń rọ ọ́ sí.

Dichlorvos ni ẹ jẹ́ kí a fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ń ba iṣẹ́ iṣan ara kòkòrò jẹ́, iṣan ara ènìyàn kò sì yàtọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní í ba tiwa náà jẹ́. Itọ́ á máa dà, òógùn á bò ó, yóò máa bì, mímí á le. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC ní Nàìjíríà ka títà rẹ̀ ní ìgò kéékèèké léèwọ̀ ní ọjà gbangba, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún àwọn tí ó ń fọ́n ọn sí ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Ẹni tí ó ń fọ́n májèlé sí ẹ̀wà tí ọmọ ọlọ́mọ yóò jẹ kì í ṣe apànìyàn lójú ara rẹ̀. Ó gbà pé oògùn ni òun lò. Orúkọ ni ó tan án.

Ọ̀wọ̀ àti àrùn Lassa

Ní ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá àrùn Lassa mọ̀, lẹ́yìn tí ó kọlu àwọn nọ́ọ̀sì ní ìlú Lassa, ní apá àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Lónìí, Ìpínlẹ̀ Òǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí ó ti ń jà jù, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ sì ti di ọ̀kan nínú àwọn ibi pàtàkì tí a ti ń tọ́jú rẹ̀. Eku kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys natalensis ni ó ń gbé e. Ọmú rẹ̀ pọ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, ọmọ rẹ̀ sì pọ̀ bákan náà. Àrùn náà kì í ṣe eku ọ̀hún ní nǹkan kan; ó kàn ń tọ̀ ọ́, ó sì ń yàgbẹ́ rẹ̀ sórí gàrí, sórí èlùbọ́ àti sórí abọ́ tí a kò dà dojú bolẹ̀. Gàrí tí a sá sẹ́bàá títì, tí a wá fi omi tútù rẹ mu, ti tó kó àrùn.

Kí wá ni májèlé ń ṣe nínú èyí? Eku tí ó jẹ májèlé kì í kú lójú kan náà. Á tọ̀ káàkiri ilé kí ó tó kú sẹ́yìn àpótí, ọmọdé á sì fi ọwọ́ lásán gbé e sọnù. Ìkòkò tí ó ní ọmọrí ṣe fún ará Ọ̀wọ̀ ju ìgò májèlé lọ.

Èdè tún wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ìkéde ìlera máa ń sọ pé "ẹ yẹra fún eku". Eku wo? Yorùbá mọ òkété yàtọ̀ sí ẹmọ́. Ó mọ àfè, ó mọ ẹdá tí a fi ọ̀pọ̀ ọmọ mọ̀, ó mọ èlírí tí kò ju àtàǹpàkò lọ, ó sì mọ asín tí ó ń rùn tí ó sì ń gé ni jẹ. Ní ọdún 1968 wọ́n rí kòkòrò àrùn kan tí ó jẹ́ ìbátan dìgbòlugi lára ẹranko kékeré kan tí ó jọ asín ní Ìbàdàn. Mọ́kọ́lá, orúkọ àdúgbò ní Ìbàdàn, ni ayé fi ń pe àrùn náà títí di òní. Ayé fi orúkọ ìlú wa pe àrùn, àwa kò sì fi orúkọ ẹranko wa kọ́ ọmọ wa. Ọmọ tí a kọ́ ní orúkọ eku mẹ́fà yóò wo eku mẹ́fà. Èyí tí a kọ́ ní "eku" lásán yóò kàn gbé igi ni.

"Ẹyẹ àjẹ́"

Bí ológìnní kò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté. Gbogbo wa ni a mọ òwe yìí. Síbẹ̀ bí ológìnní dúdú bá kọjá lóru, òkúta ni. Bí òwìwí bá bà sórí ilé, iná ni a ń tàn sí i, àdá ni a ń fà yọ. A ní ẹyẹ àjẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni eku ni oúnjẹ òwìwí ní òròòru. Tọkọtaya òwìwí tí ó ní ọmọ lè jẹ eku tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan láàrin ọdún kan. Ní Màléṣíà, àwọn àgbẹ̀ ọ̀pẹ ń kan àpótí sórí òpó nínú oko kí òwìwí lè yé sí i, kí ó lè bá wọn kó eku tí ó ń jẹ ẹyìn. Ẹyẹ tí àwọn ẹlòmíràn ń kọ́ ilé fún ni àwa ń dáná sun. Èyí tí ó bọ́ lọ́wọ́ iná, eku tí ó ti jẹ májèlé ni yóò pa á, bí yóò ti pa ológìnní tí ó bá jẹ nínú rẹ̀. Ọdẹ wa ni à ń pa kí a lè pa ẹran.

Mo bọ̀wọ̀ fún ìgbàgbọ́ ẹni gbogbo, n kò sì wá sí ìhín láti jiyàn bóyá àjẹ́ wà tàbí kò sí. Ohun tí mo ń sọ ni pé igbe tí òwìwí ń ké kò ju igbe ẹyẹ tí ó ń pe ẹnìkejì rẹ̀ lọ, àti pé ibi tí eku bá pọ̀ sí ni ó ń wá. Bí òwìwí bá ń ké lórí ilé ẹni, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ààtàn ẹ̀yìnkùlé ni ó pè é.

Àdán náà wà nínú ẹjọ́ yìí. Àwọn ará Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ mọ ariwo àti ìgbẹ́ ogunlọ́gọ̀ àdán tí ó ń sùn sórí igi wọn. Òótọ́ ni pé àdán lè gbé àrùn: lára àdán ni wọ́n ti rí kòkòrò àrùn kan ní Èkó ní ọdún 1956, Èkó náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Nítorí náà kí a má ṣe fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n irú àdán yìí kan náà ni ó ń gbé irúgbìn ìrókò fò jìnnà réré. Ẹni tí ó bá pa àdán tán, kí ó wá ẹni tí yóò máa gbin ìrókò fún un.

"Ajá dìgbòlugi"

Dìgbòlugi kì í ṣe ìwà ajá, àrùn ni. Ọ̀nà tí a ń gbà lo ọ̀rọ̀ náà ń mú kí ó dàbí wèrè tí ajá kan dédé ya, débi pé bí a bá ti lu ajá náà pa, ọ̀rọ̀ tán. Ọ̀rọ̀ kò tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ó tó ènìyàn 59,000 tí dìgbòlugi ń pa ní ọdọọdún ní ayé, pàápàá ní Áfíríkà àti Éṣíà, àti pé nínú ìgbà 100, ìgbà 99 ni ó jẹ́ pé ajá ni ó kó o ran ènìyàn. Ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15 ni ó pọ̀ nínú wọn, tó bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń já sí. Kí àmì tó hàn, ọṣẹ, omi tí ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15 àti abẹ́rẹ́ àjẹsára kíákíá lè gba ẹ̀mí là. Láti ọdún 1885, nígbà tí Louis Pasteur gba ọmọdékùnrin kan là, ni ayé ti mọ èyí.

Ta ni ó ni àwọn ajá tí a ń pè ní aláìlólúwa? Púpọ̀ nínú wọn ní olúwa. Olúwa wọn ni kò so wọ́n, tí kò sì mú wọn lọ gba abẹ́rẹ́. Ní erékùṣù Bali, nígbà tí dìgbòlugi dé ibẹ̀ ní ọdún 2008, pípa ajá ni wọ́n kọ́kọ́ dáwọ́ lé. Àrùn náà tàn kálẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fún ogunlọ́gọ̀ ajá ní abẹ́rẹ́ ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí rọlẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Bí a bá pa ajá àdúgbò tí ó ti gba abẹ́rẹ́, èyí tí kò gbà á ni yóò wá gba ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ajá 70 nínú 100 bá gba abẹ́rẹ́, àrùn kò ní í rí ara tí yóò máa fò lé. Àwọn àjọ àgbáyé ti fi ọdún 2030 ṣe gbèdéke tí dìgbòlugi ajá kò ní í pa ènìyàn mọ́. Kóńdó kọ́ ni yóò gbé wa débẹ̀.

Èsì fún àwọn alátakò

Mo mọ ohun tí ẹni tí ó ń gbé yàrá kan ṣoṣo yóò sọ. Yóò ní ó rọrùn fún akọ̀wé láti máa wàásù. Eku kò tíì jẹ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ lóru. Yóò ní ìjọba ìbílẹ̀ kì í kó ilẹ̀, onílé kì í dí ihò, owó májèlé kò sì tó owó símẹ́ǹtì. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ tì. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi eku sílẹ̀ kí ó máa jẹ ọmọ òun. Kí ó dẹ pàkúté. Kí ó fi igi pa eyí tí ó bá rí, kí ó má ṣe fi ọwọ́ lásán gbé e, kí ó sì sin ín.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí májèlé ń ṣe láǹfààní. Ìjọba tí kò kó ilẹ̀ sinmi, nítorí aráàlú ń fi owó ara rẹ̀ ra ìgò. Onílé tí kò dí ihò sinmi. Ẹni tí ó ń ta ìgò ń jẹ èrè, yóò sì tún tà ní oṣù tí ń bọ̀, nítorí eku yóò padà. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò rí ìsinmi ni tálákà tí ó rà á, tí ó sì tún fi ọmọ rẹ̀ wéwu. A fi ètè sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ìgò májèlé ni owó orí tí a ń san nítorí pé a kò béèrè ọkọ̀ akólẹ̀.

Ìkádìí

Kí ni iṣẹ́ wa, àwa tí a ń kọ́ni ní èdè? A kò lè wa ọkọ̀ akólẹ̀, a kò sì lè gún ajá ní abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n àwa ni a ń kọ ìwé kíkà fún ọmọ, àwa ni wọ́n ń pè láti túmọ̀ ìkéde ìlera, àwa ni a ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń fi orúkọ sọ ohun tuntun. Kí ó di òfin láàrin wa pé a kò ní í kọ "oògùn eku" tàbí "oògùn aáyán" sínú ìwé kankan mọ́: májèlé eku, májèlé aáyán. Kí a máa kọ "àrùn dìgbòlugi", kí ọmọ lè mọ̀ pé ohun tí abẹ́rẹ́ lè dènà ni. Kí a fún òwìwí ní iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìwé kíkà, kí ó jẹ́ ọdẹ tí ń ṣọ́ àká. Kí a sì dá orúkọ àwọn eku padà sí yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, kí ìkéde tó bá wí pé "eku" lè sọ èyí tí ó ń wí.

Wọn yóò ní orúkọ lásán ni. Ẹ bi ẹni tí ó fọ́n dichlorvos sí ẹ̀wà bí orúkọ bá jẹ́ ohun lásán.